Kóríko iwájú ilé, Toronto àti Ìkòròdú

Àbúrò mi kan ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Agric, Ìkòròdú, ó ní tí mo bá ń bọ̀ nílé kí n bá òun gbé hóró kóríko wá láti Toronto, irú èyí tó máa ń tutù minimini níwájú ilé àwọn òyìnbó nínú fíìmù. Mo ní rárá. Ó rò pé ahun ló ń ṣe mí, "Ẹ̀gbọ́n, èló náà ni wọ́n ń tà á?" Ọ̀rọ̀ owó kọ́ jàre, kóríko yẹn ò ní bá a gbé ni.

Kentucky bluegrass àti ryegrass ló pọ̀ jù lọ́hùn-ún, kóríko ilẹ̀ òtútù sì ni wọ́n. Yìnyín lè bò wọ́n mọ́lẹ̀ láti December títí wọ March, wọn ò ní kú, wọ́n kàn ń sùn ni, tí yìnyín bá yọ́ tán ẹ máa rò pé ó ti parí fún wọn, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ wọ́n ti tún ń tutù yọ̀yọ̀. Ooru ló ń bá wọn jà. Kí oòrùn July mú kí òjò má rọ̀, wọ́n á gbẹ, wọ́n á padà sídìí oorun wọn. Ooru tó ń dá wọn dùbúlẹ̀ fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ yẹn, tiwa ni yípo ọdún, òru gan-an ò sì tutù dáadáa. Ẹ lè máa bomi rin ín kó hù o, àmọ́ kò ní pẹ́ tí á fi máa jẹrà, kóríko tiwa á gorí ẹ̀. Ká má tíì sọ pé àwọn quarantine, ìyẹn àwọn tó ń yẹ irúgbìn wò lẹ́nu ibodè, ní ilẹ̀ wa ò fẹ́ kéèyàn kàn ki irúgbìn bọ báàgì wọlé láìgba ìwé àṣẹ.

Ìjọba Toronto ò tiẹ̀ fi kóríko yín sílẹ̀ fún yín. Tó bá fi ga ju 20 sẹ̀ǹtímítà lọ, ẹ ti rú òfin nìyẹn, aládùúgbò á pe 311, ìyẹn nọ́ńbà ìjọba ìlú náà, wọ́n á fi ìwé ránṣẹ́, tẹ́ ẹ bá ṣe orí kunkun wọ́n lè rán èèyàn wá gé e kí wọ́n sì gbé owó ẹ̀ lé yín lórí. Bẹ́ẹ̀ náà, láti 2009 ni Ontario, ìpínlẹ̀ Canada tí Toronto wà, ti fòfin de ọ̀pọ̀ oògùn èpò àti kòkòrò tí wọ́n máa ń fọ́n sí iwájú ilé torí ẹwà. Ìyẹn ni pé tí èpò tí wọ́n ń pè ní dandelion bá yọ òdòdó yẹ́lò ní May, orí ìkúnlẹ̀ lẹ máa wà. Ẹ máa ki ọ̀bẹ bọlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ rọra mì ín, ẹ fà á, gbòǹgbò ẹ̀ gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tó bá já sílẹ̀ báyìí, èyí tó kù nínú ilẹ̀ yẹn á tún hù ni.

Tiwa wá yàtọ̀ pátápátá, a ò wá kóríko, òun ló ń wá wa. Kí òjò April rọ̀ díẹ̀, ẹ̀kan, gbági, akíntọ́lá, patanmọ́ á ti gba ilẹ̀ kan. Ìyá wa ò fẹ́ rí ewé kan nínú kọ́ńpáùn, wọ́n á fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀ títí á fi ní ilà-ilà, torí pé ibi tí kóríko bá wà ejò ò jìnnà síbẹ̀. Àwọn ọmọ wá lówó, wọ́n kó interlock bo gbogbo ẹ̀ láti géètì dé ẹ̀yìn kíṣìnì, òjò dé omi ò ráyè wọlẹ̀ ó ń ya lọ bá aládùúgbò, ọ̀sán dé ilẹ̀ ń gbóná wọnú bàtà. Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀ o.

Carpet grass ni kí àbúrò mi gbìn, èyí tí àwọn olódòdó ń tà lẹ́bàá títì, ó lè gbé abẹ́ máńgòrò ẹ̀ yẹn. Kóríko Bahama fara da ọ̀dá jù ú lọ àmọ́ kò fẹ́ ibòòji rárá. Hóró kọ́ là ń gbìn, ìtàkùn ẹ̀ la máa já tí oríkèé méjì mẹ́ta máa wà lára ẹ̀. May ló dáa, kí gbòǹgbò ti rìn kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé, ní Toronto ìparí August sí September ni wọ́n ń gbin tiwọn, ìgbà tí ooru bá ń kásẹ̀ nílẹ̀.

Àwọn kọ́lékọ́lé ṣá jọra níbi méjèèjì. Lọ́hùn-ún wọ́n á ha ilẹ̀ olọ́ràá kúrò, wọ́n á tẹ́ kóríko lé amọ̀ lórí. Lọ́dọ̀ wa bíríkìlà á po sìmẹ́ńtì sílẹ̀, á fi ilẹ̀ pupa tí wọ́n hú látinú ìpìlẹ̀ bo ìyókù. Kí àbúrò mi kọ́kọ́ fi ọkọ́ hú gbogbo èérún kọnkéré yẹn, kó wá da ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa mọ́ ilẹ̀, èyí tó bá ṣì tutù á jó kóríko ni.

Tó bá wá hù tán, ọ̀rọ̀ ku àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ kọ́ èjìká kiri láti gé kóríko. Lọ́hùn-ún wọ́n máa ń fi gíga bíi sẹ̀ǹtímítà méje sílẹ̀, ewé tí wọ́n gé sì máa ń wà nílẹ̀ kó di ajílẹ̀. Tiwa á fá a kanlẹ̀ títí ilẹ̀ pupa á fi yọ, torí oníbàárà gbà pé ohun tóun sanwó fún nìyẹn, èpò á sì gba ojú ibẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ mìíràn tó pé. Kí àbúrò mi dúró ti ẹni tó ń gé e ni.