Èló Ni Wọ́n Ń San fún Ọ?

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé.

Ní ọ̀sẹ̀ Kérésì tó kọjá, lẹ́yìn ilé ìyá mi ní Ìsánlú, obìnrin mẹ́fà jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká. Kí ẹnikẹ́ni wọn tó fọwọ́ kan ọ̀bẹ, wọ́n kọ́kọ́ bèèrè: èló ni bàsíà kan? Wọ́n ná an títí ó fi gún. Ìyá àgbà tó ti ń bẹ ẹ̀gẹ́ kí wọ́n tó bí mi àti ọmọdébìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lánàá, iye kan náà ni wọ́n gbà lórí bàsíà kan.

Ìyá mi wá yíjú sí mi: “Ìwọ ńkọ́? Lọ́hùn-ún, èló ni wọ́n ń san fún ọ?”

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Ọdún méjì ni mo ti fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, láìbi ẹnikẹ́ni ní iye tó ń gbà. Wọ́n ní a kì í sọ ọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin òyìnbó kan ní kí n bá òun wo ìwé owó òun, bóyá wọ́n yọ owó orí jù. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́: bí a ṣe ń gbé arúgbó dìde kí apá má baà yẹ̀, bí a ṣe ń yí i padà lóru kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dégbò. Dọ́là mẹ́ta ni owó rẹ̀ fi ju tèmi lọ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Mo dá ìwé náà padà fún un, mo wọ yàrá tí a ń kó aṣọ sí, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún.

Mo rò pé èmi nìkan ni obìnrin tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí, àṣé a pọ̀. Ní 2023, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ kíkún ní Amẹ́ríkà ń gba bíi 83 sẹ́ǹtì níbi tí ọkùnrin ti ń gba dọ́là kan. Tí a bá wá fi obìnrin aláwọ̀ dúdú wé ọkùnrin òyìnbó, tiẹ̀ kò tó 70. Bẹ́ẹ̀, láti 1963 ni òfin ti ní kí owó wọn dọ́gba lórí iṣẹ́ kan náà! Ìdákẹ́jẹ́ ló ń bọ́ ìwà yìí. Òfin 1935 sì ti gba ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ láàyè láti sọ owó wọn fún ara wọn; a kò mọ̀ ni. Ní Maryland, láti oṣù kẹwàá 2024, dandan ni kí agbanisíṣẹ́ kọ iye owó sínú ìpolówó iṣẹ́.

Ìyá mi gbọ́ ọ tán, ó mi orí. “Nílé níbí ńkọ́? Ọkùnrin kọ ebè, wọ́n san owó fún un. Èmi gbìn, mo ro, mo rù ú wálé, wọ́n ní mo ń ranni lọ́wọ́ ni.”

Òótọ́ ni. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé kí owó dọ́gba lórí iṣẹ́ tó dọ́gba, ìbáà ṣe ọkùnrin ìbáà ṣe obìnrin. Ta ló kà á fún ìyá mi lóko?

Àbúrò mi kan tó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ẹ̀gbẹ̀ ń múra àtilọ. Mo ní kó má tijú, kó bèèrè owó kó tó fọwọ́ síwèé.

Ní tèmi, ọ̀gá ti fi dọ́là mẹ́ta náà kún owó mi, ó ní ti ẹ̀yìn ti lọ. Kò tíì lọ. Ọdún méjì ni òfin 1963 fún mi láti pẹjọ́. Mo ti kọ lẹ́tà, mo ń retí èsì.