Ẹ Jẹ́ Kí Ajá Kùn

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́

Ìyá mi ra egungun màlúù bọ̀ láti ọjà Bódìjà, ó sì ní kí n pín in fún àwọn ajá kí eṣinṣin tó bò ó. Mo pín in tán, mo fa àga sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì ń wò wọ́n títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ, nítorí pé ọjọ́ egungun ni ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bá ara wọn sọ máa ń hàn kedere jù. Ẹnìkanòmọ̀la ni àgbà wọn, abo ajá ìbílẹ̀ tí ìyá mi fi orúkọ rẹ̀ pa òwe fún aládùúgbò kan tí ó ti kó lọ tipẹ́. Bingo ni ó tẹ̀ lé e, ajá ìbílẹ̀ ni òun náà. Jack ni ọmọdé inú wọn, Alsatian tí àbúrò mi mú wá láti Èkó, tí ó ti ga ju àwọn méjèèjì lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì gbọ́n tó bí ó ṣe ga.

Jack yára jẹ tirẹ̀ tán, ó sì rìn tààrà lọ síbi tí Ẹnìkanòmọ̀la dùbúlẹ̀ sí. Ìyá arúgbó náà kò dìde. Ó kọ́kọ́ ṣíwọ́ jíjẹ, ara rẹ̀ sì le gbagidi láìgbé orí kúrò lórí egungun. Lẹ́yìn náà ni ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí funfun ẹyinjú rẹ̀ fi hàn. Nígbà tí Jack sì tún gbé ẹsẹ̀ kan sí i, ó ká ètè òkè díẹ̀, ó kùn ní ohùn ìsàlẹ̀ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ láti ibi tí mo jókòó sí. Jack dúró. Ó gbójú kúrò lára rẹ̀, ó fi ahọ́n lá imú ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn ilẹ̀ bí ẹni pé ohun mìíràn ni ó bá wá síbẹ̀, kí ó tó rọra yí padà. Kò sí èyí tí ó fara kan èkejì.

Àbúrò mi ti bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i pé ajá yìí ti fẹ́ ya wèrè? Ẹ jẹ́ kí n nà án kí ó tó bu Jack jẹ.” Mo ní kí ó wọ bàtà rẹ̀ padà. “Kò tíì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó ní kí ó má sún mọ́ òun ni, èkejì sì gbọ́.” Kò bá mi jiyàn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ fi hàn pé kò gbà, mo sì mọ̀ pé ní ọ̀pọ̀ ilé àdúgbò wa, bàtà yẹn ì bá ti balẹ̀ sẹ́yìn ajá kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí sílẹ̀ lálẹ́ òní.

Ajá ní ohun púpọ̀ tí ó máa ń sọ kí ọ̀rọ̀ tó dé orí eyín: yóò gbójú kúrò, yóò lá imú, yóò yán bí ẹni tí oorun ń kùn nígbà tí kò sí oorun lójú rẹ̀, ara rẹ̀ yóò le, yóò kùn, yóò sì gé afẹ́fẹ́ jẹ láìfi eyín kan ara ẹnikẹ́ni. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ó fi ń tọrọ àyè. Bí a bá ń na ajá ní gbogbo ìgbà tí ó bá kùn, ohun tí ó ń ni ín lára kò ní kúrò. Kíkùn nìkan ni yóò pa tì, yóò sì máa ti ìdákẹ́jẹ́ bọ́ sínú ìjà. Nígbà náà ni àwọn ènìyàn yóò máa sọ pé ńṣe ni ajá náà ṣàdédé bu èkejì jẹ, tí wọn kò sì ní rántí pé àwọn ni wọ́n gba ohùn lẹ́nu rẹ̀.

Kíkùn gan-an kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Eötvös Loránd ní ìlú Budapest, lórílẹ̀-èdè Hungary, gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 2010, nínú èyí tí wọ́n ti gba ohùn ajá tí ó ń ṣọ́ oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ti ajá tí ó ń kùn sí àjèjì, àti ti ajá tí ó ń ṣeré. Wọ́n gbé egungun síbi tí ajá mìíràn yóò ti rí i, wọ́n sì ń tẹ ohùn náà sí i létí láti ibi ìkọ̀kọ̀ bí ó ti ń sún mọ́ egungun. Kíkùn ti oúnjẹ ni ó lé àwọn ajá náà sẹ́yìn jù. Ohun tí Jack gbọ́ lónìí kọjá pé inú ń bí àgbà. Ó gbọ́ pé ọ̀rọ̀ egungun ni.

Bàbá mi, tí ó ti jáde wá gbọ́ wa, ní tirẹ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ oyè ni gbogbo rẹ̀, pé àfi kí ọ̀kan nínú wọn jẹ ọ̀gá kí ilé tó tòrò. Èrò yìí gbalẹ̀ káàkiri ayé. Lára ibi tí ó ti ṣẹ̀ ni iṣẹ́ tí Rudolf Schenkel, onímọ̀ nípa ẹranko, gbé jáde ní ọdún 1947 lórí àwọn ìkookò (wolf), ìbátan ajá, tí wọ́n kó pa pọ̀ sínú ọgbà ẹranko ìlú Basel, ní Switzerland. Ìwé tí L. David Mech, onímọ̀ nípa ìkookò, ará Amẹ́ríkà, kọ ní ọdún 1970 sì wá tàn án kálẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Mech fúnra rẹ̀ ti lo ọ̀pọ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn pẹ̀lú àwọn ìkookò inú igbó ní erékùṣù Ellesmere, ní Kánádà, ó kọ ọ́ ní ọdún 1999 pé bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ wọn ni agbo ìkookò sábà máa ń jẹ́, àti pé kò sí ìdí láti máa pe òbí tí ó ń darí ọmọ rẹ̀ ní ajagun tí ó gba adé.

Mi ò sọ pé kò sí àgbà láàárín ajá. Àwọn tí wọ́n wo àwọn ajá tí ń rìn kiri ní ẹ̀bá ìlú Róòmù rí i pé ipò wà láàárín wọn, wọ́n sì kọ ọ́ ní ọdún 2010 pé ọjọ́ orí wà lára ohun tí ipò náà bá rìn. Àmọ́ ní ilé wa, ohun tí olúkúlùkù wọn fẹ́ jù ni ó ń gbà. Ẹnìkanòmọ̀la ni ó ni egungun, kò sì bìkítà bí Bingo ti gba ibi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi. Jack ni ó ń kọ́kọ́ gba ẹnu ọ̀nà kọjá, kò sì sí ẹni tí ó bá a dù ú. Àgbà ajá kì í ba awọ jẹ́, ni wọ́n máa ń wí, mo sì rò pé ẹni tí ó pa òwe yẹn ti jókòó wo ajá rí. Bàbá mi bi mí pé, “Bí kò bá wá sí ọ̀gá, ta ni yóò darí wọn?” Mo ní, “Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé oúnjẹ fún wọn ni, sà.” Ó rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn egungun, eré bẹ̀rẹ̀. Jack tẹ́ ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sílẹ̀ níwájú Bingo, ó gbé ìdí sókè, wọ́n sì gbá tẹ̀ lé ara wọn. Nínú ìwádìí tí Alexandra Horowitz, onímọ̀ nípa ìwà ajá, gbé jáde ní ọdún 2009, ajá kì í sábà ṣe àmì yìí bí èkejì kò bá kọjú sí i. Yóò kọ́kọ́ fi imú tàbí ẹsẹ̀ tọ́ ọ kí ó lè wo òun. Mo rí i bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹni tí kò bá mọ eré yìí yóò rò pé Jack fẹ́ pa ẹnìkejì rẹ̀, pàápàá nígbà tí Bingo fi ẹ̀yìn lélẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni fífẹ̀yìnlélẹ̀ nínú eré máa ń jẹ́ ọ̀nà láti yẹ eyín sílẹ̀ àti láti gbá èkejì mú láti ìsàlẹ̀. Bí ó bá rú mi lójú, mo máa ń di Jack mú díẹ̀: bí Bingo bá tún padà wá bá a, eré ni, bí ó bá lo àǹfààní náà láti sá lọ, ó ti tó.

Ìrù ni ó ń tan ènìyàn jù. A gbà pé ajá tí ó ń ju ìrù ń yọ̀, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ará Ítálì fi hàn ní ọdún 2007 pé ìrù ajá máa ń lọ sí ọ̀tún jù nígbà tí ó bá rí olówó rẹ̀, ó sì máa ń lọ sí òsì jù nígbà tí ó bá rí ajá àjèjì tí ó le sí i. Ní ọdún 2013 wọ́n tún fi hàn pé àwọn ajá tí ń wò ó mọ ìyàtọ̀ náà, nítorí pé ọkàn wọn ń yára lù nígbà tí wọ́n bá rí ìrù tí ń lọ sí òsì. Rottweiler kan wà ní òpópónà wa tí wọ́n ti gé ìrù rẹ̀ kù kúkúrú, Bingo kì í sì í rí i kí ara rẹ̀ má le, bí ẹni tí ó pàdé ẹni tí ó fi aṣọ bo ojú lóru. Ó wù mí kí àwọn tí ń gé ìrù ajá nítorí ẹwà ro ti àwọn ajá tí yóò máa bá a pàdé.

Ohun kan ṣì ń kọ mí lóminú. Ẹnìkanòmọ̀la ń kùn lásìkò yìí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kì í sì í ṣe lórí oúnjẹ nìkan. Bí Jack bá fara kan itan rẹ̀ lẹ́yìn, ó máa ń kùn lójú ẹsẹ̀. Àgbà ajá tí sùúrù rẹ̀ dín kù lójijì lè ní oríkèé tàbí eyín tí ń dùn ún. Dókítà ẹranko ni a ó kọ́kọ́ gbé e lọ bá, kí a tó máa sọ̀rọ̀ nípa ìwà rẹ̀.

Ti àgò wọn ni mo fi kádìí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú bàbá mi. Bí ọ̀pọ̀ ilé ti ń ṣe ni àwa náà ń ṣe, a ń tì wọ́n mọ́ ní ọ̀sán, a sì ń tú wọn sílẹ̀ lálẹ́ láti ṣọ́ ilé. Àgò Jack dojú kọ ti Bingo, wọ́n sì ń fi gbogbo ọ̀sán gbó ara wọn láti ẹ̀yìn irin, láìsí èyí tí ó lè gbójú kúrò tàbí rìn yípo bí ajá ti máa ń ṣe nígbà tí ó bá fẹ́ pàdé èkejì ní ìrọ̀rùn. Bí a bá wá ṣí gbogbo ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu ọ̀nà tóóró yẹn ni ìjà ti ń bẹ́, omi ni a sì máa ń dà lé wọn lórí láti là wọ́n, nítorí pé ẹni tí ó bá fi ọwọ́ là wọ́n yóò lọ sílé ìwòsàn. A ti fẹnu kò báyìí pé Ẹnìkanòmọ̀la ni a ó máa kọ́kọ́ tú sílẹ̀, kí Bingo tẹ̀ lé e, kí Jack gbẹ̀yìn, àti pé àwo oúnjẹ wọn kò ní máa wà níbi kan náà mọ́. Bàbá mi tún gbà kí a gbé àgò Jack lọ sí ẹ̀gbẹ́ kànga, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tí ó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ lónìí ni yóò ru búlọ́ọ̀kù rẹ̀.