Òkúta Ibojì tí Fíìmù Fi Sílẹ̀ ní Kraków

Ní ìlú Kraków ní orílẹ̀-èdè Póláńdì, mo wọ tíráàmù sọdá odò Vistula lọ sí Podgórze, mo sì gun òkìtì Krakus, níbi tí mo ti ń wo kòtò ńlá kan nísàlẹ̀, èyí tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta nígbà kan rí, tí wọ́n ń pè ní Liban. Igbó ti bò ó. Inú kòtò yìí ni Steven Spielberg ti ya apá kan fíìmù Schindler's List ní ọdún 1993, nítorí ilé gíga òde òní ti yọ sókè lẹ́bàá ilẹ̀ àgọ́ Płaszów gan-an, àgọ́ tí àwọn Násì ti Jámánì ti fìyà jẹ àwọn Júù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí fíìmù náà sì sọ ìtàn rẹ̀.

Orí itẹ́-òkú méjì tí ó jẹ́ ti àwọn Júù ni àwọn Násì kọ́ àgọ́ náà sí ní ọdún 1942. Wọ́n hú àwọn òkúta ibojì, wọ́n sì tẹ́ wọn sí ojú ọ̀nà, tí bàtà ọmọ ogun àti táyà ọkọ̀ fi ń gba orí orúkọ àwọn òkú kọjá. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ fíìmù tẹ́ sínú Liban, òkúta àtọwọ́dá ni wọ́n sì fi tẹ́ ẹ. Wọn kò kó o lọ.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀, tí mo rí lẹ́tà Hébérù lábẹ́ ewédò àti gbòǹgbò igi, ọwọ́ mi ti kan fìlà kí n tó rántí pé kò sí òkú kankan lábẹ́ wọn. (Àṣìṣe mi tilẹ̀ di méjì, nítorí ṣe ni ọkùnrin Júù máa ń dé fìlà ní itẹ́-òkú.) Ẹnìkan ti to òkúta wẹ́wẹ́ sórí ọ̀kan nínú wọn, bí àwọn Júù ti máa ń ṣe lójú oórì. Èmi kò bá a wí, nítorí ojú mi kò tó pátákó kankan tí ó sọ pé ti fíìmù ni, bẹ́ẹ̀ ni Liban fúnra rẹ̀ kò ṣàì mọ ìyà: wọ́n fi tipátipá kó àwọn ọ̀dọ́ Póláńdì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà ogun.

Ní itẹ́-òkú tòótọ́, ìpìlẹ̀ ibojì nìkan ni ó pọ̀ nínú koríko. Òkúta kan ṣoṣo ni wọ́n ní ogun náà kò bì ṣubú, ti ọkùnrin kan tí ó kú ní ọdún 1932. Òkúta wẹ́wẹ́ kan ṣì wà lọ́wọ́ mi láti Liban. Mo gbé e lé e lórí.