Ohun tí ojú mi rí nítorí Lítíréṣọ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa yíyan iṣẹ́ ní SS1

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde JSS3, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ fẹ́ bá wọn fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, ẹ má bínú bí ohùn mi bá le díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: iṣẹ́ (subject ni mo ń wí) tí JAMB ń béèrè lọ́tọ̀, iṣẹ́ tí yunifásítì fẹ́ rí nínú èsì WAEC lọ́tọ̀. Ẹ yẹ méjèèjì wò kí ọmọ tó wọ SS1. Bí àyè kò bá sí láti ka ìyókù, ẹ ṣáà fi èyí sọ́kàn.

Láti kékeré ni mo ti ń sọ pé Lọ́ọ̀ ni màá kà. Gbogbo ilé ló mọ̀. Nígbà tí a wọ SS1, kíláàsì Art ni mo lọ. Kò pẹ́ rárá tí tíṣà Lítíréṣọ̀ (Literature in English) fi ilé ìwé wa sílẹ̀, wọn kò sì wá ẹlòmíì. Ṣe ni wọ́n yọ Lítíréṣọ̀ kúrò nínú táìmùtébù, wọ́n fi Economics dí àyè rẹ̀. Màmá mi lọ bá pírínsípà. Pírínsípà ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé Government àti CRS ni ẹni tó fẹ́ ka Lọ́ọ̀ nílò, pé JAMB kò béèrè Lítíréṣọ̀. Màmá mi gbà wọ́n gbọ́, wọ́n dúpẹ́, wọ́n padà sílé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ló dé tí wọn kò wádìí síwájú. Aṣọ ni màmá mi ń rán. Wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n lọ bá ẹni tó yẹ kó mọ̀, wọ́n béèrè. Kí ni òbí tún fẹ́ ṣe? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tí a bi ní ìbéèrè ló yẹ kó ṣí ìwé kó tó dáhùn.

Nígbà tó kan WAEC, iṣẹ́ mẹ́sàn-án tó jẹ́ òpin iye tí wọ́n ń gbà ni mo kọ: English, Mathematics, Civic Education, Government, CRS, Economics, Yorùbá, Biology àti Marketing. Mi ò gba D7 kankan, kírẹ́dìtì ni gbogbo wọn. A1 wà ní Government àti Yorùbá. Lẹ́yìn náà mo kọ JAMB, mo mú English, Government, CRS àti Economics. Kọ̀ǹpútà gbà á, kò yarí. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀fìn náà wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa: ohun tí JAMB ń béèrè fún Lọ́ọ̀ ni English pẹ̀lú iṣẹ́ mẹ́ta èyíkéyìí ní apá Art tàbí Social Science. Pírínsípà kò parọ́ níbẹ̀ yẹn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ yunifásítì fẹ́ rí kírẹ́dìtì Lítíréṣọ̀ nínú èsì WAEC tàbí NECO, JAMB ì báà gbà ọ́ láyè láti kọ ìdánwò. Kò sí ẹni tó sọ ìdajì kejì yẹn fún wa.

Máàkì tí mo gbà ní JAMB ju iye tí yunifásítì náà fẹ́ lọ. Mo ṣe post-UTME, ìyẹn ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe, mo yege. A ti ń dúpẹ́ nílé.

Ọjọ́ tí wọ́n ń yẹ ìwé wò ni ayé mi dojú rú. Màmá mi bá mi lọ, wọ́n jókòó síta pẹ̀lú àwọn òbí yòókù. Ìlà gùn nínú gbọ̀ngàn. Nígbà tó kàn mí, bàbá kan tó wọ awò ló gba fáìlì mi. Wọ́n fi bírò tẹ̀ lé èsì WAEC mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

"Lítíréṣọ̀ dà?"

"A ò ṣe é, sà. Government ni a ṣe."

"Mi ò bi ọ́ ní Government."

Wọ́n yí ìwé náà sọ́dọ̀ mi pé kí n fi Lítíréṣọ̀ hàn wọ́n. Mo wò ó. Mo kà á wò lẹ́ẹ̀kan sí i, mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀, síbẹ̀ mo ń wá a. Wọ́n pe màmá kan láti tábìlì kejì, àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Màmá náà wo ojú mi, wọ́n mi orí. Bàbá náà fa ìlà sí orúkọ mi, wọ́n dá fáìlì padà. Wọn kò pariwo mọ́ mi o, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n ní, "Lọ yí kọ́ọ̀sì padà. Wò ó bóyá Political Science á gbà ọ́." Ọwọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn mi ti kọjá èjìká mi, fáìlì tirẹ̀ ti wà lórí tábìlì.

Mi ò lè rìn. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn mi yẹn jáde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó bi mí pé kí ló dé. Máàkì JAMB mi ju tirẹ̀ lọ. Èsì WAEC mi dára ju tirẹ̀ lọ, òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó rí i. C6, kírẹ́dìtì tó kéré jù, ló ní nínú Lítíréṣọ̀. C6 yẹn ni wọ́n fi gbà á wọlé. Mi ò bínú sí i, ohun tó yẹ kó ní ló ní. Ṣùgbọ́n èmi kò gba F9 nínú Lítíréṣọ̀. Wọn kò fún mi ní àǹfààní láti kọ ọ́ kí n fìdí rẹmi pàápàá!

Bí màmá mi ṣe rí mi lókèèrè, wọ́n dìde, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ohùn mi kò jáde. Nígbà tí mo rí ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n pe pírínsípà lórí fóònù níbi tí a dúró sí. Pírínsípà ní, "Háà, ó jọ pé wọ́n ti yí i padà nìyẹn." Wọn kò yí ohunkóhun padà. Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò tọ́jú brochure JAMB ti àtijọ́, ìwé tí wọ́n ń kọ ohun tí yunifásítì ń béèrè fún kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan sí, ó fi hàn wá: ọ̀rọ̀ Lítíréṣọ̀ yẹn ti wà nínú ìwé kí n tó wọ SS1. Fún ìgbà pípẹ́ ni mi ò fẹ́ jáde nílé, nítorí "Lọ́yà wa" ni gbogbo àdúgbò ń pè mí.

Mo kọ GCE, ìyẹn WAEC tí ẹni tó ti jáde ilé ìwé ń kọ, mo fi Lítíréṣọ̀ kún un, mo ní B3. Mo tún JAMB kọ, nítorí èsì JAMB kì í lò ju ọdún kan lọ. Yunifásítì mìíràn tó ń gba èsì ìjókòó méjì, ìyẹn èsì ìdánwò méjì tí a pa pọ̀, mú mi. Lọ́ọ̀ náà ni mo ń kà báyìí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Nítorí náà, ẹ ṣí brochure fúnra yín. Ó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, IBASS ni JAMB ń pè é, orí fóònù lásán ni ẹ ti lè wò ó. Ẹ mú yunifásítì kan, ẹ mú kọ́ọ̀sì, ẹ ó rí iṣẹ́ mẹ́rin tí a ń kọ ní JAMB, ẹ ó sì rí ohun tí wọ́n ń béèrè ní O'level, ìyẹn nínú èsì WAEC tàbí NECO. Ẹ má ka ti àkọ́kọ́ kí ẹ pa á dé. Ti O'level ló gé mi lọ́wọ́. Ẹ sì ka àkíyèsí tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan fi kún un, nítorí ohun tí ọ̀kan gbà, òmíràn lè máà gbà á.

Ẹ má yan iṣẹ́ nítorí orúkọ kíláàsì. Ọmọ tó fẹ́ ka Economics ní yunifásítì, tó wá sá lọ sí Art nítorí ó ń sá fún Mathematics, á bá Mathematics nínú JAMB, nítorí dandan ni níbẹ̀. Bákan náà ni Accounting. Ẹni tó fẹ́ ka Computer Science kò lè yẹ Physics sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣe dókítà á kọ Biology, Chemistry àti Physics, kì í ṣe Agric tí ẹnì kan ní ó lè rọ́pò Biology. Ó lè rọ́pò rẹ̀ fún àwọn kọ́ọ̀sì kan. Kọ́ọ̀sì wo? Brochure náà ni ẹ ó bi.

Ẹ béèrè pé ta ni tíṣà iṣẹ́ náà, ẹ ní kí wọ́n fi ẹni náà hàn yín. Bí kò bá sí, ẹ béèrè bóyá ilé ìwé á ṣì fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà ní WAEC bó bá kọ́ ọ níta. Mi ò ní kí ẹ lọ bá pírínsípà jà. Ẹ kàn mú fóònù yín dání, ẹ ṣí i síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí, ẹ jọ kà á. Ká ní màmá mi mú un dání lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

Ìwọ tí o ti wà ní SS2 tàbí ìbẹ̀rẹ̀ SS3, yẹ̀ ẹ́ wò lónìí, nítorí bí WAEC bá ti pa ìforúkọsílẹ̀ dé, kò sí fífi iṣẹ́ kún un mọ́. Iṣẹ́ mẹ́sàn-án ni òpin rẹ̀, nítorí náà o lè ní láti yọ ọ̀kan kí òmíràn tó wọlé. Ìwọ tí o ti kọ WAEC, tí iṣẹ́ kan sì kù, má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò ìwé. Gba fọ́ọ̀mù GCE tàbí NECO ní báyìí, kí o sì kọ́kọ́ wò ó bóyá yunifásítì tí o fẹ́ ń gba ìjókòó méjì fún kọ́ọ̀sì rẹ, nítorí àwọn kan kì í gbà á. Bí wọn kò bá gbà á, gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n béèrè ni kí o tún kọ pọ̀ ní ìjókòó kan ṣoṣo.