Mo Máa Ń Yà ní Kakawa

Bí iṣẹ́ bá gbé mi dé Ìsàlẹ̀ Èkó, tí mo sọ̀ ní CMS, mo gbọ́dọ̀ yà ní Kakawa, ì báà jẹ́ oòrùn ọ̀sán gangan. Mi ò ní ohun tí mo fẹ́ rà níbẹ̀. Ilé kan ni mo ń lọ wò, bóyá ó ṣì wà lórí ìdúró.

Àdúgbò náà ò gùn. Kí n tó jẹ gúgúrú inú ọ̀rá kan tán, mo ti rìn ín já. Ní nọ́ńbà 12 ni Ilé Omi wà, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn Àgùdà, àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wá sílé. João da Rocha ló kọ́ ọ, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Brazil ní kékeré, tó padà dé Èkó pẹ̀lú ìyàwó àti Candido ọmọ rẹ̀. Kànga wọn ló sọ ilé lórúkọ. Ọ̀sà yí Èkó ká lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń fi omi iyọ̀ ro ẹ̀kọ mu?

Ìyá àgbà mi, ọmọ Pópó Àgùdà pọ́ńbélé, ní ìyá tòun ní òṣùká kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn: àdìrẹ tó ti gbó, tí wọ́n ká bí ejò, tí wọ́n fi òwú rán létí. Òun ló máa ń gbé lọ sí Ilé Omi. Bí ó bá ń bọ̀, ẹ má kí i o, kò ní dáhùn. Omi tó fowó rà ò gbọdọ̀ dà. Bí èmi náà bá tọrọ owó bisikíìtì, ìyá àgbà á ní, "Ṣé Dà Rọ́ṣà olówó lo pè mí ni?"

Síbẹ̀, ní 1908, tí ìjọba òyìnbó fẹ́ máa gba owó omi ẹ̀rọ, ará Èkó yarí kanlẹ̀. Dókítà John Randle àti Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tó ti ń ra omi tẹ́lẹ̀! Mo gbè wọ́n ṣá. Bówó ò bá sí lọ́wọ́ rẹ, o lè má dé ìdí kànga lónìí. Ta ló lè ní òun ò san owó ìjọba?

Ìlójò ló fà á tí mo fi ń yà. Ilé Àgùdà lòun náà, ní Tinubu, 1855 ni wọ́n kọ́ ọ. Láti 1956 ni ìjọba ti ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wó o. Ọjọ́ Ìsinmi kan ní oṣù kẹsàn-án 2016, katapílà dé. Nígbà tí mo máa fi débẹ̀, ọmọkùnrin kan ló jókòó sórí àlàpà, tó ń yọ ìṣó lára pákó fèrèsé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ilé Omi ṣì wà. Mo ra píọ̀ wọ́tà méjì lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan létí títì. Táwẹ́ẹ̀lì ló ká ṣe òṣùká. Mo mu ún tán, mo gba CMS padà.