Ọdún Kan, Chéńjà Kan

Ẹ kú ìyèdún o. Ẹ kú ewu ọdún pẹ̀lú, torí ewu wà nínú eléyìí lóòótọ́.

Ẹ mọ̀ pé tí ọdún bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, mo máa ń jókòó, màá máa ka oṣù kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń fa tẹ̀sùbáà. Mo gbìyànjú ẹ̀ lọ́dún yìí, kò bọ́ sí i. Oṣù kìíní? Ọyẹ́ mú, mo rò. Oṣù kejì? Ẹ bá mi bi Aláṣẹ, ìyàwó mi. Oṣù kẹta, ẹ̀yin tí a ti jọ ń bọ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, n kò ní tún un sọ. Láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù kọkànlá, ohun kan ṣoṣo ni mo ṣe: mo fi pákó kan chéńjà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àwo orin. Bí wọ́n bá bi mí lọ́run pé kí ni mo fi ọdún yìí ṣe, màá ní kí wọ́n dúró, kí n lọ gbé e wá.

Tọ́ńtébù ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè é. Bàámi ò mọ ìyẹn. Chéńjà ló mọ̀, torí tìgbà tiwọn máa ń pààrọ̀ àwo fúnra ẹ̀: wọ́n á to bíi márùn-ún lérí ara wọn, bí ọ̀kan bá tán, èkejì á já bọ́ lé e. Tèmi ò lè pààrọ̀ nǹkan kan. Bí ojú kan bá tán, ẹ ó dìde, ẹ ó yí i. Orúkọ Bàámi náà ni mo sì ń bá a pè.

Ká ti ibi pákó bẹ̀rẹ̀. Bódìjà ni mo ti rà á, ní oṣù kejì (ẹ ò rí i, mo rántí nǹkan kan nínú oṣù kejì). Mo sọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe fún onípákó. Ó ní kí n má ra apá, apá wúwo jù. Kí n má ra arère, kòkòrò á jẹ ẹ́. Ó fọwọ́ gbá pákó kan tó mọ́ra, ó ní, “Ọ̀mọ̀ ni kẹ́ ẹ gbà, Alàgbà. Ọ̀mọ̀ ló yẹ ọmọ.” A jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Màámi rí i lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa, wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní a kì í sọ ọmọ inú lórúkọ, ẹ̀yin ti ń kan bẹ́ẹ̀dì fún un. Mo ní, “Màámi, ayé ti lajú.”

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká máa bá ọ̀rọ̀ chéńjà lọ.

Ní oṣù kẹrin Aláṣẹ ní kí n gbé pákó yẹn kúrò lójú òun. Kò pariwo. Ì bá tiẹ̀ ti pariwo. Mo ní màá tà á. Mo gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, mo fi tapólì bò ó, n kò sì tà á. Ọjọ́ kejì ni mo lọ kí Bàámi l'Ókè-Àrẹ̀mọ, torí ilé wa ti dákẹ́ jù fún mi. Wọ́n ní kí n bá àwọn wá bàtà kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù ni ọwọ́ mi bà. Mo kà á, àwo 61: Haruna Ìṣọ̀lá, Yusuf Ọlátúnjí, Àyìnlá Ọmọwúrà, Epo Àkàrà sì pọ̀ ju gbogbo wọn lọ, nítorí ọmọ Ìbàdàn kì í fi orin awúrebe tirẹ̀ ṣeré. Rẹdiogíráàmù tí wọ́n fi ń gbọ́ wọn ti di kọ́bọ́ọ̀dù abọ́. Eku ti jẹ wáyà ẹ̀ tán kí n tó wọ sẹ́kọ́ńdírì. Mo ní, “Bàámi, mo fẹ́ kan chéńjà.” Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, “Bluetooth wà ní Dùgbẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá.”

Akọ̀wé ni mí, ẹ mọ̀. Fáìlì ni ohun tó wúwo jù tí ọwọ́ mi máa ń gbé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ayùn gé ọ̀mọ̀ yẹn, ìlà tí mo fà lọ sí ìlà-oòrùn, ayùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, àtàǹpàkò mi sì wà láàárín wọn. Mo ṣì lè tẹ fóònù, ẹ má bẹ̀rù.

Ohun tí chéńjà ń ṣe ò le láti sọ. Kí àwo yí ní ìgbà 33⅓ láàárín ìṣẹ́jú kan, kó má yára, kó má lọ́ra, kí abẹ́rẹ́ sì máa tẹ̀ lé ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n gbẹ́ sára àwo. Ó tán. Láti ṣe é ni wàhálà. Mo tú mọ́tò inú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ máa ń yí ní ìgbà 2400 ní ìṣẹ́jú kan. Kó tó lè fi rọ́bà yí pẹpẹ àwo tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30 wọ́ọ́rọ́wọ́, orí mọ́tò tí rọ́bà yẹn máa gbé kò gbọdọ̀ nípọn ju nǹkan bíi mílímítà 4 lọ. Mílímítà 4! Ìgbà mẹ́ta ni mo pààrọ̀ ẹ̀. Abẹ́ pẹpẹ náà rọrùn díẹ̀: irin kan tó dúró ṣánṣán nínú ihò, ọta bíárìnnì kan ṣoṣo látinú kẹ̀kẹ́ ló jókòó sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, òun ló gbé gbogbo ẹrù.

Pẹpẹ yẹn gan-an, apá ni mo fẹ́ kó jẹ́, torí ó yẹ kó wúwo kí ìyípo ẹ̀ má máa ta gìrọ́. Mo gbé apá lọ bá Bàbá Ayígi ní Sáńgo. Ẹsẹ̀ àga ni wọ́n ń yí, wọn ò yí chéńjà rí, ṣùgbọ́n wọ́n gbà. Ó rẹwà lọ́jọ́ tí mo gbà á. Ní ọjọ́ kẹrin ó ti ká bí ewé kókò lójú oòrùn. Mo gbé e padà. Bàbá kò tiẹ̀ dìde. Wọ́n ní, “Igi tútù lo gbé wá. Igi tútù ò tíì mọ ohun tó fẹ́ dà.” Wọ́n ní kí n lọ wá ilẹ̀kùn àtijọ́. Wọ́n ń wó ilé kan lọ́wọ́ ní Bẹẹrẹ, ilẹ̀kùn apá ẹ̀ ti dàgbà ju Bàámi lọ, mo rò. Mo dúnàádúrà títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Òun ló ń yí lójú mi báyìí bí mo ṣe ń kọ èyí, ihò kọ́kọ́rọ́ ṣì wà létí ẹ̀, mo fi òjé kékeré dí i.

Ọ̀mọ̀ ni mo wá fi ṣe àpótí ìsàlẹ̀. Òun ló fojú mi rí màbo. Mo ní kí n dán an wò, mo gbé súpíkà sórí tábìlì kan náà, mo sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀, mo fi ohùn sókè díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Híìíìíì! Ajá ilé kejì dáhùn. Mo rò pé wáyà ni, mo tú gbogbo ẹ̀, mo tún un so, ó tún ké. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kó tó yé mi: igi ìlù ni ọ̀mọ̀. Àwọn onígbẹ̀du mọ̀, àwọn agbẹ́lù mọ̀, èmi nìkan ni n kò mọ̀. Wọ́n ń fi gbẹ́ ìlù torí bí o bá fọwọ́ kàn án, á dáhùn. Chéńjà sì rèé, odi ló yẹ kí ara ẹ̀ yà. Súpíkà ń dún, ọ̀mọ̀ ń dáhùn, abẹ́rẹ́ ń gbọ́ ìdáhùn, ó ń fi ránṣẹ́ sí súpíkà, súpíkà tún fi kún un. Ìyẹn ni igbe yẹn.

Ẹni tó bá gbọ́n á pààrọ̀ igi. N kò lè pààrọ̀ igi yẹn. Mo yan yanrìn gbẹ nínú agbada Aláṣẹ (ó ti gbọ́, a ti parí ẹ̀), mo dà á kún inú àpótí náà, mo bẹ́ bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì sí méjì méjì, mo fi ṣe ẹsẹ̀ fún un, mo sì gbé súpíkà lọ sórí àga mìíràn. Ó dákẹ́. Mo fọwọ́ gbá a, ó dún gbì, bí àpò sìmẹ́ńtì. Ó dùn mí díẹ̀ fún un.

Ọparun ni mo fi ṣe ọwọ́ tó gbé abẹ́rẹ́, ìdí ẹ̀ jókòó lórí ṣóńṣó ìṣó kan báyìí, ó ń fì. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà lókè òkun ló bá mi fi orí abẹ́rẹ́ ránṣẹ́, Audio-Technica, èyí tí kò wọ́n. Gíráàmù 3 ló yẹ kó fi tẹ àwo. Bó bá fúyẹ́, á máa fò. Bó bá wúwo, á máa fi ojú àwo ṣe ebè. Ta ló ní ìwọ̀n tó lè mọ gíráàmù 3 ní Ìbàdàn? Oníwúrà.

Ní oṣù kẹjọ mo fi ìró Aláṣẹ kan di chéńjà yẹn, mo gbé e mọ́ àyà, mo wọ Micra ní Àpáta. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, àwa mẹ́rin, ẹ mọ bí Micra ṣe rí. Ìyá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sún ara kúrò fún mi. Wọ́n fa etí ìró náà bò ó dáadáa nítorí atẹ́gùn fèrèsé. Wọ́n ní, “Ẹ rọra, ó ń sùn. Oṣù mélòó?”

Mo ní, “Oṣù mẹ́rin, mà.”

Irọ́ kọ́. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní Ọlọ́run á wò ó, mo ní àmín. Dẹ́rẹ́bà ní tí n bá sọ̀ kalẹ̀ kí n rọra ti ilẹ̀kùn òun, ilẹ̀kùn òun náà ń ṣàìsàn.

Oníwúrà ní Gbági ní, “Ẹ̀gbọ́n, góòlù dà?” Mo tú ìró. Gbogbo ìsọ̀ dìde wá wòran. A fi ìwé kékeré méjì gbé pẹpẹ sókè kó dọ́gba pẹ̀lú ìwọ̀n, mo sọ abẹ́rẹ́ lé e: 7.4. Mo rọra sún òjé tó wà nídìí ọwọ́ sẹ́yìn, 5.1. Mo tún sún un, kò sẹ́ni tó mí. 3.0. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Oníwúrà ò gba kọ́bọ̀, ó kàn ní ká ní góòlù ni, gíráàmù mẹ́ta yìí tó ra irú ẹ̀ mẹ́wàá. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọjà ẹ̀ kú.

Eré ìyípo ẹ̀ ló kù. Wọ́n ní kí n wá páálí róbótó kan tí wọ́n ya ìlà 180 yí ká, kí n gbé e sórí pẹpẹ, kí n wò ó lábẹ́ gílóòbù àtijọ́. Iná ìjọba ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí pẹpẹ bá ń yí ní 33⅓ gan-an, ìlà 100 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá náà, ojú yín á sì rí ìlà gbọn-in, bí ẹni pé kò sóhun tó ń yí. Mo fi sùkúrú kékeré tó wà nídìí mọ́tò tún un ṣe lóru ọjọ́ kan, ìlà dúró bí olórin ìjọ. Mo sùn tayọ̀tayọ̀. Lọ́jọ́ kejì mo gbé àwo sí i, ohùn Epo Àkàrà wá dà bíi ti ọmọ ọdún méje. Jẹnẹrétọ̀ ni mo tàn lóru yẹn! Jẹnẹrétọ̀ kékeré tèmi ń sáré ju iná ìjọba lọ, ó sì ti fi irọ́ tirẹ̀ kọ́ chéńjà mi. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi dúró de iná. Ọdún tí mo ti ń bú wọn, n kò tíì fi sùúrù dúró dè wọ́n báyẹn rí.

Ó kù ariwo kan tó ń hùn bí oyin. Wáyà kan péré tí n kò so mọ́ ilẹ̀ ni. Mo so ó, ó dákẹ́.

Ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù kọkànlá, ní bíi aago méje, mo gbé Epo Àkàrà sí i, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó kọ́kọ́ ta pàà-pàà bí epo tó gbóná, lẹ́yìn náà ìlù wọlé. Aláṣẹ ò tíì sún mọ́ nǹkan yìí láti oṣù kẹrin. Tí mo bá ń ṣe é, yàrá ló máa ń wà. Ó yọ sẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì, orógùn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ó dúró síbẹ̀ títí ojú kan fi tán, abẹ́rẹ́ wá ń lọ pà, pà, pà níparí àwo. N kò lè dìde. Òun ló wá, ó gbé orógùn lé orí ìwé ìròyìn, ó yí àwo padà, ó sì sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ ju bí èmi ti ń sọ ọ́ lọ. Àmàlà ta kókó lálẹ́ ọjọ́ náà. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bàámi wá lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Wọ́n gbọ́ ojú méjèèjì láìgbin. Wọ́n ní, “Ó dún bíi tàtijọ́.” Orí mi wú. Wọ́n ní, “Ṣùgbọ́n tàtijọ́ ní redio nínú.”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ̀wé sí mi ní oṣù kẹta tí n kò dá lóhùn, mo ka gbogbo ẹ̀. Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n máa gbàdúrà, mo gbàdúrà. Ẹni tó ní kí n máa sáré láràárọ̀, mo gbé e fún Ọlọ́run.

Pákó ọ̀mọ̀ kan àti àbọ̀ ló kù. Aládùúgbò wa fẹ́ gbà á fi ṣe pẹpẹ ìwé, mo ní kó wá gbé e. Aláṣẹ ń ká aṣọ, kò gbójú sókè, ó ní, “Má fún un.” Mo ní, “Kín la fẹ́ fi ṣe?” Ó ní, “Mo ní má fún un.” N kò bi í lẹ́ẹ̀kejì. Mo nù ún, mo tò ó sórí àjà, níbi tí ikán ò lè dé. Bí Màámi bá bi yín, ẹ ò rí nǹkan kan o.