Ọmọ Mọ́kànlá ni Heather Kà

Ọjọ́ Ẹtì, 26 Oṣù Kejìlá, 2025

A tún wo Home Alone lánàá. Lẹ́yìn tí a jẹ ìrẹsì tán ni àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní àfi dandan kí àwọn wò ó, ni gbogbo wa bá kó jọ sí pálọ̀ Màmá, àwọn ọmọdé lórí ẹní, èmi àti Màmá lórí àga. Ọdún 1990 ni fíìmù yẹn jáde, ìtàn ọmọ kan, Kevin, tí àwọn ẹbí rẹ̀ gbàgbé sílé nígbà Kérésìmesì, tí olè méjì, Harry àti Marv, sì wá ja ilé náà. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni mo kọ́kọ́ fi wò ó, nígbà tí èmi náà ò ju Kevin lọ, ìyẹn ọmọ ọdún mẹ́jọ. Àwọn olè méjì yẹn nìkan ni mo máa ń dúró dè nígbà náà: agolo ọ̀dà tó ń fì bọ̀ láti òkè àtẹ̀gùn, áyọ́ọ̀nù tó já lu Marv lójú, iná tó ń jó lórí Harry. Lánàá, àwọn olè ò tíì bẹ̀rẹ̀ ìyọnu wọn tí ọkàn mi ti há síbì kan tí n kò kà sí rí.

Nínú fíìmù náà, afẹ́fẹ́ já wáyà iná lóru, aago tó yẹ kó jí ẹbí Kevin ò dún. Àwọn ọkọ̀ tó fẹ́ gbé wọn lọ sí pápákọ̀ òfurufú ti wà níta, gbogbo ilé ṣì ń sùn. Àgbà mẹ́rin, ọmọ mọ́kànlá, Paris ni wọ́n ń lọ. Bí wọ́n ṣe jí báyìí, ilé dàrú. Kate, ìyá Kevin, ní kí Heather, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹbí náà, ka àwọn ọmọ. Mitch Murphy, ọmọ aládùúgbò tó wá yọjú sí ohun tí kò kàn án, tẹrí sínú báàgì wọn, ó kẹ́yìn sí Heather, Heather sì kà á mọ́ wọn. Ọkùnrin márùn-ún, obìnrin mẹ́fà. Ó pé. Wọ́n gbéra. Kevin wà lókè àjà níbi tí wọ́n ní kó lọ sùn sí nítorí ìjà alẹ́, ó ń sun oorun tirẹ̀.

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ," ni Màmá wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni pé Kate wà níwájú wọn.

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Èèwọ̀ lásán ni mo kà á sí, pé àwọn àgbà ń bẹ̀rù kí ibi má baà wọlé. Ṣùgbọ́n mo rántí Ìyá Àgbà lánàá, bí wọ́n ṣe máa ń dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì bí a bá ń ti ìlú bọ̀ lẹ́yìn Àjíǹde. Wọn kì í kà wá. Oríkì wa ni wọ́n máa ń pè, lọ́kọ̀ọ̀kan, tí oníkálukú á sì jẹ́. Bí ẹnì kan ò bá jẹ́, ọkọ̀ ò ní lọ. Inú máa ń bí mi nígbà náà, torí ó máa ń pẹ́. Ká ní wọ́n pe "Kevin" lẹ́nu ọkọ̀ yẹn ni, Mitch ò ní jẹ́ ẹ.

Mo wá ń tẹ́tí láti ibẹ̀ lọ. Mo dá a padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọmọ ń pariwo lé mi lórí. Láti ìgbà tí wọ́n ti jí títí wọ́n fi sáré wọ bàálù, mi ò gbọ́ kí ẹnì kan pe orúkọ ọmọ yẹn.

Ohun mìíràn tún wà tí mi ò rí rí. Ní alẹ́ tó ṣáájú, nígbà tí Kevin àti Buzz ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jà nítorí písà, mílíìkì dà sórí tábìlì, ó rin àwọn pásípọ́ọ̀tù àti tíkẹ́ẹ̀tì. Bàbá rẹ̀ ń fi bébà nù ún kíákíá, ó kó gbogbo bébà tútù náà dà sínú ike ìdalẹ̀nù. Tíkẹ́ẹ̀tì Kevin wà láàárín wọn. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. John Hughes tó kọ ìtàn náà mọ iṣẹ́ rẹ̀: ó ti yọ ọmọ yẹn kúrò nínú ìrìn àjò kí ilẹ̀ tó mọ́, tí kò sí tíkẹ́ẹ̀tì kankan tó máa ṣẹ́kù lọ́wọ́ wọn ní pápákọ̀ tó máa mú kí wọ́n bi ara wọn léèrè.

Èyí tí mi ò lè gbà ni ti inú bàálù. Àwọn òbí jókòó síwájú, níbi ìjókòó olówó ńlá, wọ́n kó gbogbo ọmọ sẹ́yìn. Kate fúnra rẹ̀ ní ara òun ò gbà á, ọkọ rẹ̀ ní kò sí nǹkan kan. Bí ọmọ kan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni, á ti mọ̀. Orí òkun ni wọ́n wà kó tó fò dìde tó kígbe orúkọ yẹn. Gbogbo pálọ̀ bá a ké e. Ó dùn mí wọra.

Kate pe ọlọ́pàá láti Paris. Ọlọ́pàá kan lọ kan ilẹ̀kùn, kò rí ẹni dáhùn, ó ní kí wọ́n sọ fún wọn kí wọ́n tún àwọn ọmọ wọn kà.

Kí wọ́n tún wọn kà!

Morẹ́nikẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, náà rí tirẹ̀. "Àǹtí, ṣebí wọ́n ní wáyà fóònù já, ẹ wo Kevin tó ń pe ọlọ́pàá." Òótọ́ ni, n ò sì ní ìdáhùn. Àmọ́ ohun tí Kevin sọ lórí fóònù yẹn ló gbà mí lọ́kàn. Ó ní olè ń ja ilé òun, ó júwe ilé àwọn Murphy, ó ní Murphy ni orúkọ òun. Ọmọ Murphy ni wọ́n kà dípò rẹ̀. N kò mọ ìgbà tí mo dákẹ́ lọ.

Kate ta gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀, yẹtí, aago ọwọ́, kó lè rí àyè nínú bàálù ẹlòmíì. Láti Scranton, ìlú kan ní Amẹ́ríkà, ni Gus Polinski, olórin kan, àtàwọn onílù rẹ̀ ti fi ọkọ̀ wọn gbé e lọ sílé. Gus fẹ́ tù ú nínú, ó sọ fún un pé òun gbàgbé ọmọ òun rí síbi tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí, láti àárọ̀ di alẹ́, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà méje ló gbà kí ọmọ náà tó tún sọ̀rọ̀. Ojú Kate nígbà yẹn! Obìnrin yẹn ló mú kí n máa padà sídìí fíìmù yìí. Ó wọlé láàárọ̀ Kérésìmesì, ó dúró, ó ní "Kevin?" Ohun tó sì gbẹ̀yìn fíìmù náà ni ariwo Buzz láti òkè, ó ń pe Kevin, ó ń béèrè ohun tó fi yàrá òun ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi kó àwọn ọmọ padà s'Ékòó láàárọ̀ yìí. Màmá jáde tàwọn ti ìró lásán, wọ́n di fèrèsé ọkọ̀ mú. "Àjàní." "Mà." "Àbẹ̀kẹ́." "Mà." "Àdùkẹ́." Morẹ́nikẹ́ ti sùn lọ sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Màmá, ẹ wò ó níbẹ̀, ó wà níbẹ̀." Màmá ò jẹ́ kí ọkọ̀ lọ. Wọ́n tún un pè, wọ́n tún un pè, títí ó fi la ojú díẹ̀.

"Mà."